Omi Tuntun Kì í Gba Ẹja

Ìbínú ló gbé mi dé Ìlọrin. Àwọn tí mo bá ní àdúgbò Pàkátà rò pé oúnjẹ òòjọ́ ni mo wá wá, bíi ti gbogbo àwa ará ìsàlẹ̀ tí ọkọ̀ ojú irin ń kó gòkè nígbà náà, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀san láti gbà kì í sọ ọ́ fún onílé tó fún un ní ẹní sùn.

Ìlú wa wà létí ọ̀sà. Èmi ni ìyàwó kejì nílé ọkọ mi. Ọmọkùnrin kan ni mo bí fún un. Gìrì mú ọmọ náà, ó sì kú kó tó mọ ìrìn. Ọ̀fọ̀ yẹn kò tíì kúrò lára mi nígbà tí ọmọ ọwọ́ mìíràn nínú agbo ilé wa, tí èmi náà máa ń bá ìyá rẹ̀ wẹ̀, sùn tí kò jí mọ́. Ìyálé mi ló sọ ọ̀rọ̀ náà. Kò pariwo. Ẹja ló ń yan lẹ́yìnkùlé, èéfín bo ojú rẹ̀, kò sì wo ọ̀dọ̀ mi nígbà tó sọ fún àwọn obìnrin ilé pé, "Ọwọ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Ohun tó bá fọwọ́ kàn kì í yè."

Ó tán. Kò sí ẹni tó pè mí ní àjẹ́, kò sí ẹni tó nà mí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá na ọwọ́ gba ọmọ, ìyá ọmọ á rántí pé òun fẹ́ pọ̀n ọ́n. Bí mo bá se ọbẹ̀, gbogbo ilé á ti yó. Ọkọ mi, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀, ní kí n lọ sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí mi. Mo dé ilé àbúrò mi ọkùnrin, kí n tó sọ ẹrù kalẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti kó àwọn ọmọ wọ yàrá. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú mi débẹ̀. Mo búra pé n ó lọ sí ibi tí kò lè dé, n ó sì máa gbé níbẹ̀ títí ìyálé mi yóò fi gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì lójú gbogbo ayé.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Ìlọrin ni gbígbẹ. Ọyẹ́ ni mo bá pàdé. Ètè mi là, gìgísẹ̀ mi là, aṣọ tí mo fọ̀ ń gbẹ kí n tó sá èyí tó kù tán. Nílé wa, omi ni ọ̀nà, omi ni oko, omi là ń gbọ́ bí a bá sùn. Níbí, obìnrin ń ru ìkòkò omi bí ẹni ru àrẹ̀mọ. Ẹja tí wọ́n ń jẹ ti gbẹ, ó ti ká ìrù sẹ́nu. Láti Odò Ọya ló ti ń bọ̀, tí ó gba Jẹ́bbà kọjá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i lórí àtẹ, mo bi ẹni tó ń tà á pé ẹja dà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá gbọ́ mi.

Yorùbá wọn yé mi, tèmi ni kò yé wọn. Bí mo bá ti lanu, wọ́n á ní, "Ará Èkó, tún un sọ." Èmi tí mi ò dé Èkó rí. Mùsùlùmí ni wá nílé o, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí etí omi ni wá, a máa ń kírun bí ẹja kò bá pọ̀. Níbí, àwọn ọmọ tí eyín wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ń ka Kùránì lójú wàláà kí oòrùn tó ràn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn ọkùnrin á wé láwàní, ẹṣin àwọn ìjòyè á fọ́n eruku kọjá, àdúgbò á wá dákẹ́ rọ́rọ́, èmi nìkan á sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìkòkò omi mi bí ẹni tí wọ́n gbàgbé.

Mi ò ní ẹnìkan tí mo lè pè ní tèmi. Ohun tí mo ní ni ìyálé mi. Bí mo bá jí, òun ni mo kọ́kọ́ ń rántí. Bí mo bá rí oúnjẹ tó dára, wàrà tútù tàbí ẹran, mo máa ń jẹ ẹ́ sí i lójú nínú ọkàn mi. Ẹni tí kò ní ará lè fi ọ̀tá rẹ̀ ṣe ẹbí. Kò dára, ṣùgbọ́n ó ń gbé ènìyàn dìde láàárọ̀.

Omi ni mo ń pọn fún Ìyá Rábì, aláró. Àwọn ìkòkò aró rẹ̀ tò yí ẹ̀yìnkùlé ká, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá, ó sì máa ń fi ahọ́n tọ́ aró wò kó tó gbà pé ó ti tó rẹ aṣọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Bàbá Sàlíù, ń ṣòwò káńhún àti màlúù. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ohun tuntun ni. Nígbà tí símẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ̀ ojú irin wọ ìlú, tí àwọn mìíràn ń wò ó bí ohun àjèjì, òun fi mọ táǹkì fífẹ̀ kan sí ìdí ògiri ilé rẹ̀, tó jìn dé àyà ènìyàn. Ó ní àwọn òyìnbó tó wà lọ́dọ̀ Àjẹ́lẹ̀ àti àwọn akọ̀wé ojú irin tó ti ìsàlẹ̀ wá ń ṣàárò ẹja tútù. Òun yóò máa gba ẹja láàyè lọ́wọ́ àwọn apẹja Odò Àsà, òun yóò máa tọ́jú rẹ̀ sínú táǹkì, ẹni tó bá fẹ́ yóò wá mú.

Ó bi mí bóyá èmi tí mo jẹ́ ará omi lè mú kí ẹja wà láàyè nínú rẹ̀. Kó tó pa ẹnu dé, mo ti ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí a ṣe ń dẹ ìgèrè ni wọ́n kọ́ wa nílé. Bí a ṣe ń mú ẹja la mọ̀, kò sẹ́ni tó kọ́ wa bí a ṣe ń tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ nǹkan kan tí n ó fọwọ́ kàn tí yóò yè, kí n lè fi ránṣẹ́ sílé.

A pọn omi kún táǹkì. Omi náà mọ́ gaara, mo ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti ojú ara mi pọ̀. A da ẹja sí i, èpìyà àti àrọ̀. Bàbá Sàlíù pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wò ó, wọ́n sì kí i kú oríire. Ní ọjọ́ kejì, àwọn èpìyà ti gbé ẹnu sókè, wọ́n ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ohùn kò jáde. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti yí ikùn funfun sókè. Ọwọ́ mi ni mo fi kó wọn. Àwọn àrọ̀ lágídí díẹ̀, ṣùgbọ́n awọ ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí ti ẹni tí omi gbígbóná dà lé lórí, àwọn náà sì kú tẹ̀lé e. A da omi nù, a pọn mìíràn, wọ́n mú ẹja mìíràn wá. Wọ́n tún kú.

Mo jókòó sí etí táǹkì, mo wo ọwọ́ mi méjèèjì. Àwọn àgbà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ẹni jẹ. Èmi kò mọ ohun tí tèmi ń sọ fún mi mọ́. Mo gbọ́ ohùn ìyálé mi ketekete, bí ẹni pé ó ń yan ẹja lẹ́yìn ògiri yẹn: ohun tó bá fọwọ́ kàn kì í yè. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo fẹ́ gbà á gbọ́. Pé ó mú wọn lé mi nílé, mo lè fara dà á. Pé ó tẹ̀lé mi dé Ìlọrin, tó wọ inú orí mi lọ, tó jókòó síbẹ̀, èyí ni mo ní n kò ní dárí rẹ̀ jì í láé.

Bàbá Sàlíù kò bú mi. Ó kàn ní bí ẹja tó ń bọ̀ bá tún kú, òun yóò sọ táǹkì náà di ibi ìkó káńhún sí, kí n wá ibòmíràn ṣiṣẹ́.

Ìyá Rábì ń bẹ̀rẹ̀ ìkòkò aró tuntun lọ́jọ́ tó bi mí pé kí ló dé tí ojú mi fi pọ́n. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún: ọmọ mi, ọmọ kejì, ọ̀rọ̀ ìyálé mi, ẹja. Kò ní pẹ̀lẹ́. Ó dìde, ó lọ sí ìdí táǹkì, ó ti ọwọ́ dúdú rẹ̀ bọ omi, ó fi àtàǹpàkò ra àwọn ìka rẹ̀ yòókù. Ó tọ́ ọ wò, ó sì tu ú dànù.

"Omi eérú rèé," ó ní. "Ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Símẹ́ńtì yín ló ń yọ́ sínú omi. Ta ló ń fi omi eérú tọ́ ẹja?"

Omi eérú, omi tí wọ́n ń sẹ́ láti inú eérú fún ọṣẹ àti aró, òun ni iṣẹ́ rẹ̀ láti kékeré; kò lè ṣì í mọ̀. Ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀, ó bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ láti inú ìkòkò àtijọ́, ó dà á sínú tuntun. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní ìkòkò tuntun kì í mú aró fúnra rẹ̀; èyí tó ti gbó ló ń kọ́ ọ.

Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà bó ṣe ń rì. Ọ̀sà wa wá sí mi lọ́kàn. Kò sí ibi tí ẹja pọ̀ sí níbẹ̀ tí omi ti mọ́ bí omi táǹkì yẹn. Ẹrẹ̀ dúdú ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, nǹkan tútù tó ń yọ̀ ló bo òpó àti òkúta, omi náà pọ́n bí omi àgbo. A ti ń da ẹja sínú omi tó mọ́ ṣùgbọ́n tí kò gbó.

Mo gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú táǹkì, mo jẹ́ kó rà síbẹ̀ kí oje rẹ̀ lè pa agbára símẹ́ńtì náà, mo da gbogbo rẹ̀ nù, mo fọ ògiri rẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń ṣe é lọ bẹ́ẹ̀ títí omi kò fi yọ̀ láàárín ìka mi mọ́. Lẹ́yìn náà, mo lọ sí ibi kan ní Odò Àsà tí igi ṣíji bò, tí omi kì í ti í gbẹ lọ́dún, mo ru ẹrẹ̀ dúdú àti òkúta tó ń yọ̀ wálé nínú agbọ̀n, omi ń ro mọ́ mi lọ́rùn. Mo tò wọ́n sínú táǹkì. Omi dà rú. Bàbá Sàlíù dé, ó wò ó, ó ní mo ti ba táǹkì òun jẹ́. Ìyá rẹ̀ ní kó lọ máa bójú tó màlúù rẹ̀.

Àrọ̀ kéékèèké mélòó kan péré ni mo kọ́kọ́ dà sí i, àwọn tó lágídí. Ìwọ̀nba eèrí àgbàdo ni mo ń fún wọn jẹ. Kò pẹ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ibi tí ẹṣin tọ̀ sí, wọ́n sì ń gbé ẹnu sókè. Ṣùgbọ́n mi ò da gbogbo omi nù, nítorí ẹni tó bá dà á nù tán ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́n díẹ̀ kúrò, mo fi omi tó ti dúró nínú ìkòkò dípò rẹ̀, mo sì fi oúnjẹ du àwọn ẹja. Òórùn náà lọ, ó tún padà, ó tún lọ. Àárọ̀ kan kò kọjá kí n má fi imú kan omi yẹn ṣáájú kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọ̀kan kú, mo gbé e sọnù, mi ò sunkún. Mo sọ fún ìyálé mi nínú ọkàn mi pé ọ̀kan náà ni ìpín rẹ̀, kò ní í rí èkejì.

Nígbà tó yá, omi náà kò rùn mọ́ àfi òórùn odò. Ògiri táǹkì tutù, ó ń yọ̀, ó ní àwọ̀ ewéko. Mo fi èpìyà kún un díẹ̀díẹ̀, wọ́n yè. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo rí nǹkan bí abẹ́rẹ́ tí ń sáré létí omi. Mo tẹ̀ba wò ó dáadáa. Ọmọ ẹja ni. Wọ́n ti bímọ. Mo ki ọwọ́ mi bọ inú wọn, mo jẹ́ kó wà níbẹ̀, wọ́n sì ń gba àárín ìka mi kọjá.

Mo ti rò pé n ó sunkún ayọ̀ bí ọjọ́ náà bá dé. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ó ku kí obìnrin yẹn gbọ́.

Ẹni tó ń bá mi ránṣẹ́ ni Málàmù Gàrúbà, ará àdúgbò Gàm̀bàrí níhìn-ín. Òun àti Bàbá Sàlíù jọ ń ṣòwò; ó máa ń kó káńhún àti àlùbọ́sà lọ sí ìsàlẹ̀, ó sì máa ń gba ìlú wa kọjá. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, tèsùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rán an sí ìyálé mi ni pé mi ò kú, kó má tíì pín aṣọ mi. Lẹ́yìn tí àwọn ẹja bímọ, mo ní kó sọ fún un pé ohun tí mo fọwọ́ kàn ti ń bí sí i, kó wá kà wọ́n bó bá lè kà wọ́n. Nígbà tí alásè àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wá, tí àwọn akọ̀wé ń dúró de ara wọn létí táǹkì, mo ní kó sọ fún un pé àwọn tó ju ọkọ rẹ̀ lọ ń jẹ láti ọwọ́ mi, ẹnìkan kò sì kú. Ọdún mìíràn, mo ní kó sọ fún un pé ikú rẹ̀ ni mò ń dúró dè, kó má jẹ́ kó pẹ́.

Gàrúbà á gbọ́ mi tán, á bi mí pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí n wí?" Èmi á ní kó má yọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀.

Bó bá dé, ìdáhùn kan náà ló máa ń mú bọ̀: wọ́n ní kí òun kí mi. Nígbà mìíràn, agbọ̀n edé gbígbẹ á tẹ̀lé e. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ̀rù ti wọ ìyálé mi lára. Mi ò fi edé náà kan ẹnu. Mo ń gún un, mo ń dà á fún ẹja. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì sanra lórí rẹ̀.

Àrọ̀ tó bá tóbi jù nínú táǹkì, orúkọ ìyálé mi ni mo máa ń sọ ọ́. N ó máa bọ́ ọ, n ó máa bú u, bí oníbàárà bá sì dé, èmi fúnra mi ni n ó fi ọmọ odó lù ú lórí. Ìyá Rábì mọ̀. Ó máa ń wò mí, á mi orí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀ sí i. Ó ní, "Ẹja yìí kò mọ ìlú yín o." Mo dá a lóhùn pé ìlú wa mọ ẹja.

Wọ́n ti fi Ará Èkó sílẹ̀ nígbà náà, Ìyá Ẹlẹ́ja ni wọ́n ń pè mí. Mo ti ń sọ Yorùbá bíi tiwọn, mo ti ń búra bíi tiwọn, mo mọ ìgbà tí wọ́n ń ṣe wàásí àti ilé tí wọ́n ti ń ṣe é. Lọ́jọ́ ìsunná kan, ìyẹn ìsọmọlórúkọ, ní ilé kejì sí tiwa, ìyá ọmọ fẹ́ tún ìró rẹ̀ ró. Ó kàn yíjú, ó gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́ láìwo ojú mi, ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lọ. Mo dúró bí òpó. Orí ọmọ náà gbóná ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Nígbà tó gbà á padà, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn.

Ó yẹ kí ó tó bẹ́ẹ̀. Ìlú ti gbà mí, mo ti ní ẹni tí ń béèrè mi bí mi ò bá jáde. Ṣùgbọ́n ara mi nìkan ló ń gbé ní Pàkátà. Etí mi wà lójú ọ̀nà, ó ń dúró de ìròyìn pé ìyálé mi ti kúnlẹ̀. Ọmọ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ yẹn, òun náà ni mo fi ṣe iṣẹ́ tí mo rán Gàrúbà kẹ́yìn. Lẹ́yìn rẹ̀, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kò rìnrìn àjò mọ́. Mo ní ohun tí mo ti sọ ti tó pa ìyálé mi.

Ọdún gorí ọdún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń gbọ́n omi táǹkì, obìnrin kan wọlé pẹ̀lú ẹrù, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù náà.

"Ìyá Kékeré, ẹ kú iṣẹ́ o."

Kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ní Ìlọrin. Àwọn ọmọ ìyálé mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Sábítíyù ni, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ ọmọdé nígbà tí mo kúrò. Imú ìyá rẹ̀ ló ní. Mo bu omi fún un, mo sì dúró kó jíṣẹ́ tó wá jẹ́. Ó ní ìyá òun ti kú.

Mi ò ní parọ́ fún yín. Inú ló bí mi. Ó ti sá mọ́ mi lọ́wọ́. Mo bi í, ohùn mi kò sì dùn, pé ṣé ìyá rẹ̀ dárúkọ mi kó tó kú.

Sábítíyù ní ìgbà wo ni kò dárúkọ mi? Ó ní gbogbo ìgbà tí ìkíni mi bá ti dé ni inú ìyá òun máa ń dùn, á sì máa sọ ọ́ fún ẹni tó ń lọ, fún ẹni tó ń bọ̀. "Èyí tí ẹ fi ní ẹ ń ṣe àdúà fún orúnkún wọn," ó ní, "ọjọ́ yẹn ni wọ́n sunkún."

Mo ní, "Orúnkún wo?"

Ó wò mí. Ó rò pé ọ̀fọ̀ ló ń dà mí láàmú. Ó ní orúnkún tó dá wọn jókòó, tí mo máa ń béèrè. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún mi bí ìyá rẹ̀ ṣe ní kí wọ́n pe gbogbo ẹbí jọ ní ọdún tí àìsàn náà wọra, tó ní kí wọ́n gbé òun dìde dúró níwájú ọkọ wa, tó sì sọ pé òun ni òun ba orúkọ mi jẹ́. Ó ní ìbẹ̀rù ikú ọmọ ló ti òun, àti owú. Ó ní ẹni tí a ṣe níkà tó tún ń kí ni láti ọ̀nà jíjìn, ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè pa ọmọ. Gàrúbà kò wá sọ́dọ̀ wọn mọ́ nígbà náà, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ ilé mi. Nígbà tí ikú wá dé, wọ́n ní kí Sábítíyù wá mi rí, kó mú mi wálé, ó sì ń béèrè obìnrin ẹlẹ́ja ará ìsàlẹ̀ kiri Ìlọrin títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi.

Ohun tí mo fẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé ti ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè mí síbẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mò ń bú ẹja.

Mo fi Sábítíyù ti Ìyá Rábì, tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́ nígbà náà, mo sì gba Gàm̀bàrí lọ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun alásárì tán. Gàrúbà jókòó sórí awọ àgùntàn lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti funfun. Òórùn ẹja ló fi mọ̀ mí. Mi ò kí i dáadáa. Mo ní kó sọ fún mi, iṣẹ́ mi wo ló jẹ́ nílé wa?

Ó fi tèsùbáà sílẹ̀. Kò sọ pé òun ò mọ ohun tí mò ń sọ. Ó ní nígbà àkọ́kọ́, wallahi, òun fẹ́ jẹ́ ẹ bí mo ṣe rán an. Òun bá obìnrin kan tí orúnkún ń dùn, tó fọwọ́ ti ilẹ̀ kó tó lè dìde lórí ẹní. Òun kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi bi òun pé ṣé òun rí mi lójú, ṣé mò ń jẹun. Ẹnu òun kò gbà á mọ́.

"Ẹ̀yin Yorùbá lẹ ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ," ó ní. "Káńhún ni mo máa ń rù. Mi ò ru májèlé rí."

Mo sọ fún un pé olè ni. Mo ní ìbínú náà kò jẹ́ tirẹ̀, tèmi ni, òun nìkan ni mo rù kúrò nílé, ta ló ní kó fi ṣàánú? Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Kò bẹ̀ mí, kò sì dá ara rẹ̀ láre. Ó kọjú funfun rẹ̀ sí mi.

Mi ò dárí ji ìyálé mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bẹ̀bẹ̀ nítorí ìkíni tí mi ò rán, ta ló bẹ̀?

Mo jókòó sílẹ̀ níwájú Gàrúbà, mo ní kó sọ gbogbo ohun tó ti sọ lórúkọ mi, kó má yọ ọ̀kan. Ó sọ wọ́n. Pé mò ń kí wọn kú àwẹ̀ lọ́dọọdún. Pé mo dúpẹ́ edé, pé òun ni mo fi ń se ọbẹ̀ tó bá wù mí jù. Pé mo gbọ́ nípa orúnkún, mo sì ní kí àlùfáà bá wọn ṣe àdúà. Pé mo bẹ ìyálé mi kó máa bá mi tu koríko orí ibojì ọmọ mi, obìnrin náà sì ti ń tu ú fúnra rẹ̀, nígbà tí kò lè rìn mọ́, ó ń mú kí wọ́n gbé òun lọ. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó parí.

Obìnrin tí Gàrúbà fi orúkọ mi ròyìn yẹn dára. Ó ní sùúrù, kì í gbàgbé ènìyàn, kì í di kùnrùngbùn sínú. Gbogbo ìlú mi ló mọ̀ ọ́n.

Sábítíyù padà sílé láìsí mi. Wọ́n ṣì ń ránṣẹ́ pé kí n máa bọ̀, pé wọ́n ti tún yàrá mi ṣe, pé ọkọ mi ń béèrè mi. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ̀kalẹ̀ létí ọ̀sà wa lónìí, obìnrin tí Gàrúbà ròyìn rẹ̀ ni wọn yóò jáde wá pàdé, èmi ni wọn yóò sì rí.